Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìsinmi, a kó àwọn ọmọ lọ wo ẹyẹ létí ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a gbé wá ní alẹ́ òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù August, àbúrò wa obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní Australia. Ọ̀nà jíjìn ni. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp: òkun, ilé gíga, ẹran kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì fò tí ó gbé ọmọ sínú àpò ikùn. A ń wò, a ń gbádùn. Nígbà tó wá di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí ẹlòmíràn máa ń sá kiri ọjà láti ra ohun tí yóò kó wálé, fọ́tò ẹyẹ ló fi ránṣẹ́. Ẹyẹ ṣáá. Ó ní òun jí ní ìdájí, òun lọ jókòó sétí òkun ní ìlú Cairns, níbi tí omi máa ń fà sẹ́yìn tí ẹrẹ̀ á sì hàn, òun ń wo àwọn ẹyẹ tó ń jẹun nínú ẹrẹ̀ náà títí oòrùn fi mú. Wákàtí mẹ́ta gbáko.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: «Ṣé torí ẹyẹ ni o ṣe san gbogbo owó ọkọ̀ òfurufú yẹn? Ẹyẹ ò sí ní Kraké ni?» Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹyẹ ò sí ní Kraké ni?

Òní, ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìwọlé, ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Àwọn ìyá ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn bàbá ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo ìwé àjákọ tuntun. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ ìsinmi rẹ̀ láti July ń wá bírò kiri. Ọjọ́ ìbànújẹ́ ni fún àwọn ọmọ, àwa olùkọ́ náà, bí a bá ní ká sọ òótọ́, inú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Lọ́dún yìí a ní ká ṣe é bí àbúrò wa ti ṣe é. A kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ àdúgbò, ó di mọ́kànlá. A mú ìwé àjákọ kan, gààrí àti ẹ̀pà, àti awò kan tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn tí a yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa. Ojú kan nínú awò náà ti fọ́.

Ìyá ọmọ kan bi wá pé: «Maître, ṣé ẹyẹ ni wọn yóò bi wọ́n nínú ìdánwò CEP?» A ní rárá, mà. Ó ní kò burú, kí a ṣáà dá ọmọ òun padà kí òun tó sọ ẹ̀wà kalẹ̀.

A kò tíì rí ọ̀sà rárá tí ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò sí lójú ọ̀nà Kùtọnu sí Èkó, àwọn kannakánná ń rìn láàárín ìdọ̀tí, aṣọ dúdú lára, funfun láyà, bí ẹni pé àwọn ló ni ibodè. Àdàbà wà lórí wáyà. Ẹlúlùú kan ń ké nínú igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìpọn-epo, a kò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni a gbọ́, ọmọkùnrin kan sì sọ pé òjò ń bọ̀. A bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ìyá àgbà òun ni. A kọ orúkọ ìyá àgbà náà sínú ìwé, nítorí pé ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní nǹkan, olùkọ́ ni.

Ẹ̀gà ló dá wa dúró pẹ́ jù lọ. Igi àgbọn kan wà lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì tí wọ́n ti sọ di ìlú. Wọ́n ti fa ewé rẹ̀ ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi hun ilé, igi náà wá dà bí àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti re. Ariwo wọn! Bí àwọn àgbà bá sọ fún ọmọ pé ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹ̀gà, wọn kò purọ́ mọ́ ọn. A ní kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, kí wọ́n fi ojú mọ́ akọ kan ṣoṣo. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò so okùn ewé kan mọ́ ẹ̀ka, yóò fi hun òrùka, yóò dúró sínú òrùka náà, yóò sì máa hun ún yí ara rẹ̀ ká. Bó bá parí, yóò so rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa ké pe abo kó wá wo ilé. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa okùn wò bóyá ó le. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Bí ilé náà bá sì gbó kí ó tó rí ìyàwó, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọmọbìnrin rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní òun náà, ilé ni òun yóò kọ́kọ́ wò.

Orúkọ tí àwọn Faransé sọ ẹ̀gà yìí ni tisserin gendarme. Nígbà tí a sọ ọ́, àwọn ọmọ wo ọ̀nà ibodè, wọ́n tún wo igi àgbọn. Jàndámù tí kì í bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa láti August 2019 títí di December 2020, tí ọjà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ níbí, tí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Àgbádárìgì kò lè fi ìrọ̀rùn lọ kí i, kò sí ẹni tó dá ẹ̀gà dúró.

A dé etí ọ̀sà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Ọ̀sà tí a ń wí yìí ni èyí tó ti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́ wá, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sí Àgbádárìgì, títí tó fi bá ti Èkó pàdé. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Wémè pọ̀ sínú ìwé àdéhùn Ramsar. Àdéhùn yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1971 ní ìlú Ramsar ní Ìráànì láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi, pàápàá nítorí àwọn ẹyẹ omi. Ibi tí à ń da ike àti ìdọ̀tí sí yìí, òkèèrè ti mọ iyì rẹ̀.

Lékeléke kò pọ̀, méjì péré ni a rí lẹ́yìn màlúù kan. Ìgbà wọn kò tíì tó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ni wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. A bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n ṣì máa ń na ìka sí lékeléke pé kó fún wọn ní funfun sí èékánná. Ní ìgbà tiwa, bí agbo lékeléke bá ń kọjá lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò ni yóò sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló mọ̀ ọ́n. Àwọn méje yòókù ń wò wá bí ẹni ń wo àgbà tí orí ń ta.

Ẹyẹ kan wà tó ń rìn lórí ewé tó bo omi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tóbẹ́ẹ̀ tí ewé kò fi rì sábẹ́ rẹ̀. Jacana ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ, abo yóò ti lọ wá ọkọ mìíràn. A ronú bóyá kí a sọ èyí fún àwọn ọmọ. A sọ ọ́. Ìyá ẹlẹ́wà yóò bi wá ní ẹjọ́ bó bá yá.

Lẹ́yìn náà ni àkọ́bí wa, tí awò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kígbe pé: «Ẹyẹ Tàǹtí nìyẹn!» Ẹyẹ kan dá dúró sínú ẹrẹ̀ níbi tí omi ti fà. Àwọ̀ rẹ̀ bí ti ilẹ̀ gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àgógó rẹ̀ náà gùn ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ bí dòjé. A yọ fóònù jáde, a fi fọ́tò ti Cairns wé e. Irú kan náà ni! Courlis corlieu ni àwọn Faransé ń pè é. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ ní ìhà àríwá ayé, àwọn tó pamọ ní Sìbéríà a máa sọ̀ kalẹ̀ dé Australia, àwọn tó pamọ ní Yúróòpù a máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbé Iceland, wọ́n sì rí i pé wọ́n fò láti ibẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún láìbà rárá, lórí agbami òkun, ọ̀nà tó ju 3,000 kìlómítà lọ. Láìjẹ, láìmu. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ẹyẹ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ wá, ó ń ṣa akàn jẹ lẹ́yìn ilé wa, a kò kí i rí.

A gbé fóònù sí ojú awò tó ṣẹ́kù, a ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa. Fọ́tò náà kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n sì dáhùn pé ṣé adìyẹ ni.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Àwọn apẹja ti ri igi púpọ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi láti fi ṣe akájà, kí ẹja lè máa sá pamọ́ sí i. Lórí ọ̀kan nínú àwọn igi náà ni ẹyẹ kan bà sí: dúdú òun funfun ni gbogbo ara rẹ̀, orí rẹ̀ tóbi, ìyẹ́ orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, àgógó rẹ̀ gùn ó sì mú. Ó fò sókè, ó dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, ó ń gbọn apá wìrìwìrì láìlọ síwájú láìlọ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó da orí kọ omi bí òkúta. Ó jáde pẹ̀lú ẹja. Ó padà sórí igi, ó na ẹja náà mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó gbé e mì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ọmọ ọdún méje kan fà wá láṣọ. «Maître, kí ni orúkọ rẹ̀?» A dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: «Martin-pêcheur pie.» Ó ní: «Rárá. Ní Yorùbá.»

Ẹnu wa dí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti bí wa sí etí ọ̀sà yìí. Bàbá wa ju àwọ̀n nínú rẹ̀ títí ara fi kọ̀ fún un. Ó máa ń nawọ́ sí ẹyẹ yẹn, ó máa ń pè é ní orúkọ, ó máa ń sọ pé ibi tó bá ti ń da orí kọ omi, ibẹ̀ ni ẹja wà. A rántí ọwọ́ rẹ̀. A rántí àtẹ̀gùn àárọ̀ náà. Orúkọ yẹn ni kò sí mọ́.

Apẹja Ègùn kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá gbọ́ wa, ó sì sọ orúkọ tí àwọn ń pè é ní èdè tirẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín ojú ìwé wa sí: Yorùbá, Ègùn, Faransé. Ti Ègùn kún, ti Faransé kún. Àyè Yorùbá ṣófo.

Kí ló gba orúkọ náà lẹ́nu wa? A mọ̀ ọ́n. Ní ilé-ìwé tí a lọ, bí ọmọ bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà, wọn yóò so «signal» mọ́ ọn lọ́rùn, yóò máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹlòmíràn tí yóò fi gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ ẹgba. A kọ́ láti máa ṣọ́ ara wa. Nínú ilé-ìwé yẹn kan náà ni a ti kọ díkítè nípa hirondelle: pé nígbà tí ewé bá ń rẹ̀ ní Faransé, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí a kó ara wọn jọ sórí wáyà, wọn a sì lọ sí «les pays chauds». A kò ṣe àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, wọ́n yìn wá. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ilẹ̀ tó móoru tí díkítè ń wí, ibi tí a jókòó sí ni. Hirondelle yẹn ni alápàńdẹ̀dẹ̀. Ó wà lórí wáyà lẹ́yìn kíláàsì bí olùkọ́ ti ń ka díkítè lọ́wọ́. Ní agbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River ní Nàìjíríà, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ti Yúróòpù wá, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, máa ń sùn pọ̀ nínú koríko gíga lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìròyìn ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

A kò fẹ́ da gbogbo rẹ̀ lé olùkọ́ àtijọ́ lórí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwa náà ti ń kọ́ni. A kò so nǹkan mọ́ ọmọ lọ́rùn rí, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ọmọ ti dáhùn ìbéèrè ní Yorùbá, tí ìdáhùn náà sì tọ̀nà, tí a ní «En français!» kí a tó gbọ́ ọ parí, a kò lè kà á. Ọmọ tó mọ ẹlúlùú lónìí yẹn, ẹni tí a ń kà sí òpè ni ní kíláàsì. Ojú tì wá.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ń fi Yorùbá ṣòfò, àwọn ọmọ kò ní mọ Faransé. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ Faransé yóò fi yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan ló ń dùn wá. Ohun tí èèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, bó bá lọ, kò ní mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ wo igúnnugún. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n máa ń tò sórí òrùlé níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, orí pípá, ọrùn híhó, wọ́n ń dúró de ìpín tiwọn. Lónìí a bi àwọn ọmọ mọ́kànlá náà: ta ló ti rí igún rí? Kò sí. Ọ̀kan ní òun rí i nínú fíìmù àwọn ọmọdé. Ní 2015, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìtọ́jú ohun abẹ̀mí, IUCN, kọ igún tiwa yìí sínú ìwé àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátápátá. Láàárín ìparí 2019 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ní Guinea-Bissau, igún tó ju 2,000 lọ kú nípa májèlé, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní orí, nítorí ọjà orí igún. Ọjà yẹn wà lọ́dọ̀ wa náà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí kò mọ̀.

A kò bá ẹlẹ́sìn kankan jà o. Àwọn baba wa tó mọ ìdí ewé àti ìdí ẹbọ ni wọ́n sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ta wá ló ń pa á? Oníṣòwò ni. Ẹni tó ń tà á kò mọ èèwọ̀, ẹni tó ń rà á kò bèèrè. Igún a máa jẹ òkú ẹran tó ti bàjẹ́ kí àrùn inú rẹ̀ tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í gba owó. Bí kò bá sí mọ́, ajá àti eku ni yóò gba iṣẹ́ náà, ẹ sì mọ ohun tí ajá àti eku ń kó wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni odídẹrẹ́, tí ọba kan kò lè ṣe láìní ìkóóde rẹ̀. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò láti fòfin de títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí pé wọ́n ti kó o tán nínú igbó. A kò rí ọ̀kan lónìí, a kò tilẹ̀ retí rẹ̀. Etí ọ̀sà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń da iyanrìn sí i láti kọ́ ilé, ẹrẹ̀ tí ẹyẹ Tàǹtí ti ń jẹun ń kéré sí i. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yóò gba ọjọ́ mìíràn.

Ní Australia tí àbúrò wa lọ, láti 2014 ni wọ́n ti ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní oṣù October ọdọọdún láti ka ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni, ọmọdé àtàgbà, yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, yóò kọ iye ẹyẹ tó rí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. A rò pé ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gbogbo ìsinmi, ti Kérésì, ti Àjíǹde àti ti ìgbà òjò, kí àwọn ọmọ má kàn máa fi ọjọ́ náà sunkún ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní tiwa, kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. Ẹyẹ kíkà nìkan kò tó wa. Ẹni tó lè pè é ní orúkọ ni a nílò, àwọn wọ̀nyẹn sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní bàbá àgbà nílé tó jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, ẹ gbé ọmọ kan tì í, kí ẹ gbé bírò fún ọmọ náà. Bí rọ́bà tí ó fi ń ta òkúta bá wà lápò rẹ̀, ẹ gbà á.

Irú ẹyẹ mọ́kàndínlógún ni a kọ sílẹ̀ kí ebi tó lé wa wálé. Mẹ́wàá ní orúkọ ní ọ̀nà Yorùbá: kannakánná, àdàbà, ẹyẹlé, ẹlúlùú, ẹ̀gà, lékeléke, àwòdì, òpeere, ológoṣẹ́ àti alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mẹ́sàn-án ṣófo. A dá ọmọ padà kí ẹ̀wà tó kúrò lórí iná, ìyá rẹ̀ sì bu tiwa.

Nítorí náà a wá tọ̀ yín wá. Ẹyẹ dúdú òun funfun, orí rẹ̀ tóbi, àgógó rẹ̀ gùn, ó máa ń dúró lójú kan lókè omi kó tó da orí kọ ọ́, ó sì máa ń na ẹja mọ́ igi kó tó gbé e mì. Kí ni ẹ ń pè é nílé yín? Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ibí yìí pẹ̀lú orúkọ ìlú yín, bó tilẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Lọ́la ni ìwọlé, aago mẹ́jọ ni agogo yóò lù, ọmọ ọdún méje náà sì wà ní kíláàsì wa. Ó ti sọ pé òun yóò tún bèèrè.